Àbàtà Tí A Ṣe fún Àbẹ̀kẹ́

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù Èbìbí 2025

Alhaji Bàṣírù tún ti ra kiloríìnì. Mo dé ọgbà ẹranko wọn láàárọ̀ yìí, mo bá garawa ràgàjì kan lẹ́nu géètì. Mo ní kí lèyí, wọ́n ní oògùn omi ni.

"Alhaji, Àbẹ̀kẹ́ kì í ṣe àlejò òtẹ́ẹ̀lì. Omi ìlúwẹ̀ẹ́ kọ́ ló nílò."

"Ẹnjiníà, erinmi tí mo rí ní Dubai, inú omi tó mọ́ bíi dígí ló wà."

"Ẹ̀rọ tó ń fọ omi yẹn tóbi ju ṣọ́ọ̀bù yín l'Álàbá lọ, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọn ò gbé garawa náà kúrò.

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí, kí n lè rántí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Omi Àbẹ̀kẹ́, erinmi wa, dà bí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tó ti kan. Erinmi ò lè ṣe kó má ya ìgbẹ́ sómi, inú omi náà ló sì ń gbé láti àárọ̀ dalẹ́. Ojú rẹ̀ òsì ń ṣepin, awọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń bó. Dókítà Hameedat tó ń tọ́jú àwọn ẹranko wa ti sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé bí omi yìí ò bá yí padà kí òjò ọdún yìí tó kásẹ̀ nílẹ̀, òun á ní kí ìjọba wá gbé e lọ.

"Gbé e lọ síbo?" ni Alhaji béèrè.

"Ibi tó bá lè gbà á, sà. Bí kò bá síbi tó lè gbà á, ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n máa ṣe."

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbà kí n ṣe àbàtà. Omi máa kọ́kọ́ wọ táńkì kọ́ńkéré níbi tí ìgbẹ́ ti máa rẹlẹ̀. Á gba àárín òkúta wẹ́wẹ́ tí a gbin ìdò àti làbẹ̀làbẹ̀ sí, á sinmi nínú adágún kékeré lábẹ́ òjúoró, pọ́ńbù á wá dá a padà fún Àbẹ̀kẹ́. Lórí ìwé, ó rẹwà.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 Èbìbí

Lórí ìwé náà ló mọ. A ò tíì gbẹ́lẹ̀ dé orúnkún tí omi fi ń ru jáde látìsàlẹ̀. Ilẹ̀ Ìbà tí ọgbà yìí wà nìyẹn. Gbogbo ohun tí mo yà sínú ilẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gòkè wá báyìí, ká fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n yíká.

"Lánàá o ní ká gbẹ́lẹ̀," ni Alhaji wí. "Lónìí o ní ká mọ ògiri. Jẹ́ ká tiẹ̀ mọ ohun tá à ń kọ́."

Inú bí mi, nítorí òótọ́ ni wọ́n sọ. Ó yẹ kí n ti gbẹ́ ihò kan wò kí n tó mú pẹ́ńsù.

Ọjọ́bọ̀, 15 Èbìbí

Òkúta dé. Amọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo ní kí awakọ̀ típà gbé e padà. Ó ní, "Màdáámù, òkúta lòkúta ń jẹ́," ó ní táyà òun ò lè gba inú ẹrẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dà á sílẹ̀ níwájú mi. Ṣe ni a máa fọ̀ ọ́. Èmi tí mo lọ sí yunifásítì, mo jókòó lórí àpótí láti àárọ̀, mò ń fọ òkúta bí ẹni ń fọ ìrẹsì.

Omi amọ̀ náà ṣàn lọ sẹ́nu ọ̀nà Ìyá Àdìjá. Ìsàlẹ̀ wa nilé wọn wà, ẹ̀gbẹ́ kànga wọn sì ni gọ́tà wa ń gbà kọjá. Wọ́n jáde, wọ́n fún ìró mọ́ àyà.

"Ìwọ ni wọ́n ní o fẹ́ tún omi ṣe?"

"Èmi ni, mà."

"Erinmi yín ń ya ìgbẹ́, èmi ń mu ún. Èmi tí mo gbẹ́ kànga, mo wá di ẹni tó ń ra omi kẹ̀ẹ̀gì. O sì tún wá fi amọ̀ kún un."

Mo bẹ̀ wọ́n. Wọn ò gbà. Ká ní èmi ni, mi ò ní gbà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 Èbìbí

Èmi àti Bọ̀dá Ṣùpọ̀ tó ń bọ́ Àbẹ̀kẹ́ lọ sétí omi l'Ọ̀jọ́ lọ wá irúgbìn. Òjúoró pọ̀ débi pé ọlọ́kọ̀ ojú omi ń bẹ̀ wá ká kó sí i kí ọ̀nà lè là fún òun. Làbẹ̀làbẹ̀ gé mi lọ́wọ́ méjèèjì. Ìyàwó sójà kan nítòsí bárékè ló fún wa ní ìdò, ó ní ó ti gbilẹ̀ jù lẹ́yìn ilé ìdáná òun. Bọ̀dá Ṣùpọ̀ ń kọ orin ìjọ aláṣọ funfun wọn láti ibẹ̀ délé. Ó ti pẹ́ tí inú mi ti dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 Èbìbí

Òjò.

Ọjọ́rú, 28 Èbìbí

Òjò. Iná ò sí. Epo ti tún wọ́n sí i. Àwọn bíríkìlà ò wá.

Ọjọ́ Ajé, 2 Òkúdù

A ti gbìn ín tán. Ìdò dúró lórí ìlà bí ọmọ iléèwé lórí ìlà àárọ̀. Alhaji wá wò ó, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn.

"Ṣé ewé yìí náà ló máa fọ omi?"

"Ewé nìkan kọ́, sà. Àwọn kòkòrò tójú ò rí tó máa ń gbé lára gbòǹgbò àti lára òkúta ló ń jẹ ìdọ̀tí inú omi. Ẹ jẹ́ ká fún wọn láyè kí wọ́n bí sí i."

"Kòkòrò ni mo wá ń kọ́lé fún."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n mi orí, wọ́n lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Òkúdù

Àbẹ̀kẹ́ ti jẹ àbàtà náà.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Òkúdù

Ọwọ́ mi ò lè kọ̀wé jù bẹ́ẹ̀ lọ lánàá. Iléyá ni lọ́jọ́ Ẹtì. Alhaji ti lọ sí Ìsẹ́yìn, èmi jókòó sílé l'Ókokomáíkò, mò ń jẹ ẹran tí àwọn ará ilé kejì gbé wá. A ò mọ̀ pé irin tó di ilẹ̀kùn ọgbà Àbẹ̀kẹ́ ti dípẹtà. Àbẹ̀kẹ́ fara tì í lẹ́ẹ̀kan péré, irin já. Ó rìn wọnú àbàtà, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́, kò sì fi ìkankan sílẹ̀. Ìdò lọ, làbẹ̀làbẹ̀ lọ. Òjúoró nìkan ni kò jẹ tán, ó fi sílẹ̀ bí ẹni tí oúnjẹ ti sú.

Mo bá Bọ̀dá Ṣùpọ̀ lórí búlọ́ọ̀kù, wọ́n jókòó, wọ́n fọwọ́ lérán.

"Mo pè é, Ẹnjiníà. Mo fi elégédé bẹ̀ ẹ́. Ó wò mí, ó ń jẹ lọ. Ṣé mo wá lè fà á nírù ni?"

Wọn ò lè fà á nírù. Erinmi tí èèyàn bá dí lọ́nà lórí ilẹ̀ á pani. Mo sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n ṣe náà ló dáa jù, mo wá lọ sẹ́yìn ilé ẹ̀rọ lọ sunkún díẹ̀.

Mo pe Hameedat lórí fóònù. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ó kéré tán, a mọ̀ pé ó ń jẹun dáadáa." Mo pa fóònù.

Ọjọ́ Ajé, 16 Òkúdù

Ṣèyí, ọkọ mi, gbé ẹ̀rọ ìjórin rẹ̀ wá, ó fi irin ṣe ọgbà yí àbàtà ká. Láàárín iṣẹ́, ó dúró, ó wo Àbẹ̀kẹ́ títí.

"Nítorí èyí lo ṣe ń sọ̀rọ̀ lójú oorun?"

"Kí ni mò ń sọ?"

"O ní, má jẹ ẹ́."

A ti tún gbogbo rẹ̀ gbìn. Ìyàwó sójà yẹn bi mí pé kí ni mo fi ti àkọ́kọ́ ṣe. Mo sọ fún un. Kò gbà mí gbọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Òkúdù

Ìdò ti ń ta ọ̀mùnú. Òórùn ò dín kù. Alhaji bi mí pé ìgbà wo ni omi máa mọ́. Mo ní ó kù díẹ̀. Wọ́n ní díẹ̀ náà ni mò ń wí láti ọjọ́ yìí.

Ọjọ́bọ̀, 10 Agẹmọ

Lámilámi ti dé o. Wọ́n ń bà lórí ewé ìdò bí ẹni pé àwọn ló ni ín. Ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ wà nínú adágún, wọ́n ń ju ìrù kíríkírí. Mo bu omi tó ń jáde láti àbàtà sínú ife, mo gbé e sókè sí oòrùn: ó dà bíi tíì tí kò nípọn. Èyí tó ń wọlé ṣì dúdú. Ìyàtọ̀ ti wà. Mo fi han Bọ̀dá Ṣùpọ̀, mo fi han Alhaji, mo tiẹ̀ fi han Ìyá Àdìjá láti orí ògiri.

"Ìwọ mu ún ká wò ó," ni Ìyá Àdìjá wí.

Hameedat yẹ ojú Àbẹ̀kẹ́ wò láti ẹ̀yìn irin. Ó ní ipin ti ń dín kù.

Ọjọ́ Ajé, 21 Agẹmọ

Mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọmọ iléèwé kan ló fẹ́ wá wo ẹranko lónìí. Lánàá, lẹ́yìn tí gbogbo wa ti lọ, Alhaji gbé garawa kiloríìnì, wọ́n da gbogbo rẹ̀ sínú omi. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀, pọ́ńbù ti gbé e yíká gbogbo àbàtà. Àwọn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ léfòó, ikùn wọn funfun. Etí ewé ìdò ti pọ́n. Àbẹ̀kẹ́ wà lókè, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ojú rẹ̀ méjèèjì wú, ó ń fẹ́ imú, kò súnmọ́ omi.

Omi náà mọ́ o. Ó mọ́ bíi dígí. Àwọn ọmọ iléèwé dúró tì í, wọ́n ń wo ibi tí kò sí ẹranko nínú rẹ̀.

Mo dúró títí wọ́n fi lọ.

"Alhaji, mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má da nǹkan yìí sómi."

"Nítorí ẹ̀yẹ ni mo ṣe ṣe é, Kẹ́mi. Mi ò fẹ́ kí ojú tì wá."

"Gbogbo kòkòrò tí a ti ń sìn láti oṣù Òkúdù, ẹ ti pa wọ́n. A ti padà síbi tá a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ojú rẹ̀, sà."

"Ta ló mọ̀ pé ó máa le tó bẹ́ẹ̀?"

"Èmi mọ̀. Mo sì sọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ náà le ju bó ṣe yẹ kéèyàn sọ fún àgbà. Mi ò kó o jẹ. Mo fún Bọ̀dá Ṣùpọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀rọ, mo ní kí wọ́n pa pọ́ńbù, kí wọ́n máa fi omi òjò rọ ojú Àbẹ̀kẹ́. Mo wọ ọkọ̀ délé.

Ọjọ́rú, 23 Agẹmọ

Mi ò gbé fóònù. Mo fọ aṣọ. Mo tún fọ aṣọ tó ti mọ́.

Ṣèyí ní, "Ṣé Alhaji lò ń bá jà ni, àbí erinmi?"

Mo ní Alhaji.

"Erinmi mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

Ọjọ́ Ẹtì, 25 Agẹmọ

Alhaji wá sílé mi. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀ ni wọ́n dé, àwọn àti Hameedat, wọ́n sì jókòó sórí àga pálọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yẹ̀ kí n tó ráyè kìlọ̀ fún wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Ìbínú ò ní kéèyàn má kí àgbà. Mo gbé omi wá. Wọn ò mu ún.

Hameedat ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní Àbẹ̀kẹ́ ò jẹun láti ọjọ́ Ajé. Abẹ́ igi máńgòrò ló wà, nínú ẹrẹ̀. Awọ rẹ̀ ti ń là nítorí pé kò wọ omi.

Alhaji wá bẹ̀rẹ̀. Wọn ò wo ojú mi, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò.

"Nígbà tí wọ́n gbé e dé, kò ju ajá lọ. Àwọn tó pa ìyá rẹ̀ ló fẹ́ tà á fún pípa jẹ. Mo rà á lọ́wọ́ wọn, mi ò tiẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ. Ìyàwó mi, Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, òun ló ń fi mílíìkì inú ike bọ́ ọ lẹ́yìn ilé wa. Òun ló sọ ọ́ ní Àbẹ̀kẹ́. Ó ti kú kí n tó kọ́ ọgbà yẹn. Nígbà tí Dókítà sọ pé wọ́n máa gbé e lọ, Kẹ́mi, mi ò lè sùn. Mo wo omi yẹn lójoojúmọ́, kò mọ́. Mo rò pé bó bá ti lè mọ́, kò sẹ́ni tó máa gbé e. Mo kánjú ni. Má bínú."

Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, mi ò gbọ́ kí wọ́n dárúkọ ìyàwó wọn rí.

Mo ní, "Alhaji, mo gbọ́. Èmi náà, ẹ má bínú sí ẹnu mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá padà, ẹ ò gbọdọ̀ da ohunkóhun sínú omi yẹn mọ́ láìbi mí."

"Mi ò ní dà á."

"Ohunkóhun, sà."

"Bó bá jẹ́ omi Sámúsámù láti Mẹ́kà ńkọ́?"

"Kódà omi Sámúsámù."

Wọ́n rò ó díẹ̀. Wọ́n ní ó dáa. Ìgbà yẹn ni wọ́n mu omi mi.

Ọjọ́ Àìkú, 27 Agẹmọ

Bọ̀dá Ṣùpọ̀ wá láti ṣọ́ọ̀ṣì tààrà, wọ́n bọ́ súntánà wọn kọ́ sórí irin. A fi pọ́ńbù fa gbogbo omi náà díẹ̀díẹ̀ lọ sínú kòtò tí a gbẹ́ sí apá òkè ọgbà, jìnnà sí kànga Ìyá Àdìjá, kí oòrùn lè fa kiloríìnì jáde. Òjò bá wa fọ òkúta. Mo bu ẹrẹ̀ láti etí omi Ọ̀jọ́ wá, mo fọ́n ọn sí ìdí ìdò tó kù, kí àwọn kòkòrò inú rẹ̀ lè di ọmọ onílé. Alhaji ń bá wa gbé korobá. Wọn ò bi mí ní ìbéèrè kankan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Ògún

Omi tuntun ti kún, Àbẹ̀kẹ́ ti wọ̀ ọ́. Ó jẹ elégédé. Bọ̀dá Ṣùpọ̀ fi ohùn rara pè mí lórí fóònù láti sọ ọ́, wọ́n sì pè mí lẹ́ẹ̀kejì láti tún un sọ.

Pọ́ńbù bàjẹ́ ní ọ̀sán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Ògún

Wọ́n ti tún pọ́ńbù ṣe, ṣùgbọ́n òjò ti dá fúngbà díẹ̀. Omi lọ sílẹ̀ nínú adágún, ìdò sì ń rọ. A ń pọn omi sí i. Bí òjò bá rọ̀ mo ń ṣàròyé, bí kò bá rọ̀ mo ń ṣàròyé. Ṣèyí ní kí n pinnu.

Ìyá Àdìjá wọlé wá lónìí láì kanlẹ̀kùn. Wọ́n rìn yí àbàtà ká, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n ní gọ́tà ò rùn bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Mi ò ní o ti gbìyànjú o. Mo kàn ní kò rùn."

"Ẹ ṣeun, mà."

"Kànga mi ńkọ́?"

Mo sọ òótọ́ fún wọn, pé ilẹ̀ ò lè fọ ara rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kan, pé kí wọ́n ṣì máa ra omi mímu, pé a máa bá wọn yẹ omi kànga náà wò lẹ́yìn òjò. Mo retí èébú. Wọ́n ní ká gé ìdò díẹ̀ fún àwọn kí àwọn gbìn ín sétí gọ́tà tàwọn.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 Ọwẹ́wẹ̀

Òjò tó rọ̀ láàárọ̀ yìí, kò bẹ̀rẹ̀, ṣe ló dà. Omi òpópónà wọlé sí wa, ó ga dé etí ògiri àbàtà. Igun tó kọjú sí ilé Ìyá Àdìjá bẹ̀rẹ̀ sí í là. Bí ògiri yẹn bá wó, gbogbo ìgbẹ́ tó wà nínú táńkì àkọ́kọ́, ilé wọn ló ń lọ.

Alhaji ká jalamíà wọn sókè, wọ́n dì í mọ́ ìbàdí, wọ́n wọnú omi. Bọ̀dá Ṣùpọ̀ ń kó iyanrìn. Àpò tán lọ́wọ́ wa. Mo yíjú, mo rí Ìyá Àdìjá tí wọ́n ń sọ àpò sìmẹ́ǹtì òfìfo sí wa láti orí ògiri, wọ́n sì ń bú wa bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. A to iyanrìn sí i títí omi fi fà. Ògiri náà dúró. Ó wọ́, ó tẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró.

Alhaji jókòó sínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn náà, wọn ò lè dìde. Ìyá Àdìjá gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá. Wọ́n ní kì í ṣe nítorí tiwa o.

Ọjọ́rú, 24 Ọwẹ́wẹ̀

Hameedat ní òun máa wá ní ìdájí, kí ẹnikẹ́ni tó da omi rú. Mo dé ṣáájú rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ti wà lórí koríko látàná, kò tíì padà sómi. Ojú omi tòrò. Kò mọ́ bíi dígí. Ó ní àwọ̀ tíì fífúyẹ́, bíi ti odò tó ń gba abẹ́ igi kọjá, ṣùgbọ́n mo ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo ń rí òkúta. Hameedat bu omi sínú ìgò rẹ̀, ó dán an wò, ó tún un dán wò, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Alhaji ń ka tẹ̀sùbáà.

Àbẹ̀kẹ́ wá sọ̀ kalẹ̀. Ó wọ omi láìyára, omi bò ó mọ́lẹ̀, ojú àti etí rẹ̀ nìkan ló kù, lẹ́yìn náà ìyẹn náà rì. A sì ń rí i. Abẹ́ omi níbẹ̀, ẹranko tó wúwo tó ọkọ̀ akérò yẹn ń rìn. Kò lúwẹ̀ẹ́ rárá, orí ìka ẹsẹ̀ ló ń rìn, ó rọra ń fò díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń fo gọ́tà, láìsí ariwo kankan.

Bọ̀dá Ṣùpọ̀ di irin mú.

"Bó ṣe máa ń rìn nìyẹn?" ni wọ́n wí. "Láti ọjọ́ yìí wá, bó ṣe ń rìn nìyẹn?"

Alhaji fi apá jalamíà nu ojú, wọ́n yí ẹ̀yìn sí wa.

Hameedat pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó máa gbé e lọ."

Mo ṣì ń lọ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ jáde lódì kejì, tó gbé ìdí sókè, tó ń fi ìrù rẹ̀ ju ìgbẹ́ kiri bí ẹ̀rọ fáànù, sí omi, sí ara ògiri, sí bàtà Hameedat. Gbogbo omi náà tún dúdú.

Wọ́n wò mí, gbogbo wọn, bí ẹni pé èmi ni mo yà á.

Mo wọ bàtà òjò mi, mo lọ ṣí táńkì àkọ́kọ́.